Ọ̀rọ̀ sólà lẹ́yìn iyán: báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí wọn ò fi ní sùn?

Onísólà_Adó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ gbà mí. Iṣẹ́ sólà àti inverter ni mò ń ṣe ní Adó níbí, ó ti tó ọdún mẹ́fà. Tí ẹ bá ní kí n gun òrùlé, kí n fa wáyà, kí n so bátìrì pọ̀, kò sí wàhálà. Ẹnu ni wàhálà mi.

Lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ kan pè mí pé kí n wá ṣàlàyé bí sólà ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo múra débi pé síláìdì mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo ṣe. Mo ya àwòrán bí iná ṣe ń rìn láti orí páńẹ́ẹ̀lì títí dé ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo kọ fọ́múlà, mo ṣàlàyé ìyàtọ̀ DC, iná inú bátìrì, àti AC, iná ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí n tó dé síláìdì kẹẹ̀ẹ́dógún, bàbá kan níwájú ti ń hanrun. Kì í ṣe pé ó ń tòògbé o, ó ń hanrun, ẹni tó jókòó tì í sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí mo parí, mo ní ta ló ní ìbéèrè. Kẹ́kẹ́ pa. Ó pẹ́ díẹ̀ kí màmá kan tó nawọ́: “Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣé ó lè gbé áyọ́ọ̀nù?”

Wákàtí kan gbáko ni mo fi sọ̀rọ̀, ohun kan ṣoṣo tí màmá yẹn wá gbọ́, mi ò sọ ọ́.

Ní báyìí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìkẹ́rẹ́ ti ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Aránṣọ máa wà níbẹ̀, onígbàjámọ̀, àwọn tó ń ta omi tútù, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní àwọn ẹnjiníà méjì náà ń bọ̀. Ẹ wo ètò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi: aago kan ọ̀sán, oúnjẹ, aago méjì, ọ̀rọ̀ sólà. Èkìtì la sì wà. Ẹ mọ oúnjẹ tí wọ́n ń sọ.

Ará_Ìjerò

Iyán! Wọ́n ti pa ọ́. Lọ bá wọn bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kó o sọ̀rọ̀ ṣáájú oúnjẹ.

Onísólà_Adó

Mo ti bẹ̀ wọ́n. Akọ̀wé ní tí oúnjẹ bá gbẹ̀yìn, àwọn kan ò ní dé títí di aago méjì.

Tísà_Fíṣíìsì_Ìdó

Àbúrò, màmá tó béèrè áyọ́ọ̀nù yẹn ti bá ọ kọ ọ̀rọ̀ tó o máa lọ sọ ní Ìkẹ́rẹ́. Òun ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Kó o tó kí wọn tán, gbé áyọ́ọ̀nù lé orí tábìlì.

Mo kọ́ àwọn ọmọ ní fíṣíìsì títí mo fi fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n sì sábà máa ń gbé iṣẹ́ mi sí. Mi ò rí fọ́múlà tó lé oorun lọ rí. Ohun tí ọwọ́ lè kàn ló ń lé e. Nítorí náà, wá ọpọ́n ayò kan lọ. Mi ò ṣàwàdà.

Ojú méjìlá ló wà nínú ọpọ́n, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Mú bátìrì 12 volt, 200Ah, tí gbogbo èèyàn ń rà. Sọ 200 di púpọ̀ lọ́nà 12, ó di 2,400 watt-hour, ìyẹn iye iná tó lè gbà sínú. Pín in sí ọmọ ayò 48. Àádọ́ta ni ọmọ kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ kù. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, àfi bíi pé ẹni tó ṣe bátìrì ti ta ayò rí.

Wá sọ fún wọn pé: “Bátìrì yín nìyí.” Kí wọ́n tó máa yọ̀, mú aṣọ, fi bo ẹ̀gbẹ́ kan ọpọ́n, ojú mẹ́fà, ọmọ mẹ́rìnlélógún. “Èyí ti bátìrì fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ̀mí bátìrì.” Ìwọ náà mọ̀ pé bátìrì olómi tí a bá ń mu kọjá ìdajì lójoojúmọ́ kì í pẹ́ kú. Mélòó la ti ṣàlàyé èyí fún tí kò wọ̀ wọ́n létí? Jẹ́ kí wọ́n fojú rí aṣọ yẹn.

Ó ku ẹ̀gbẹ́ kejì. Fáànù 50 watt: wákàtí kan, ọmọ ayò kan. Mú ọmọ kan, jù ú sínú abọ́ tánganran kó dún. Gílóòbù LED 10 watt: wákàtí márùn-ún kó tó jẹ ọmọ kan. Lẹ́yìn náà, gbé áyọ́ọ̀nù 1,000 watt sókè. Má sọ nǹkan kan. Máa kó ọmọ ayò sínú abọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa bá ọ kà á. Wọ́n á ka ogún. Wákàtí kan péré ni o! Mẹ́rin ló máa kù lójú ọpọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí màmá kan ní Ìkẹ́rẹ́ tí kò ní mọ̀ bóyá sólà lè gbé áyọ́ọ̀nù: ó lè gbé e, àmọ́ ilé á ṣókùnkùn lálẹ́.

Má rò pé ohun ọmọdé ni mo ní kó o lọ ṣe. Lóṣù kìíní ọdún 1986, ọkọ̀ Challenger tí Amẹ́ríkà rán sójú sánmà fọ́ yángá lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 73 tó gbéra, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ kú. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde. Ìwé tí wọ́n kó síwájú wọn pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà lọ. Ọ̀kan nínú wọn, Richard Feynman, onímọ̀ fíṣíìsì, mú ègé rọ́bà, irú èyí tí wọ́n fi ń dí oríkèé ara rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi irin fún un pọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ife omi oníyìnyín. Tẹlifíṣọ̀n ń yà á. Nígbà tó yọ ọ́, tó tú irin kúrò, rọ́bà náà kò tètè nà padà. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn gbéra sì tutù rinrin. Ẹni tí kò mọ rọ́kẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́ lóye ohun tó ṣẹlẹ̀. Ife omi kan!

Alága_Ìdúró

Tísà, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ má gbàgbé àwàdà. Èmi tí mò ń ṣe alága ìdúró níbi ìgbéyàwó mọ ohun tí mò ń sọ. Fi orin bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dìde, kí wọ́n jó díẹ̀, kí iyán wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, sọ àwàdà mẹ́ta, mẹ́rin, kó o tó wọ ọ̀rọ̀.

Tísà_Fíṣíìsì_Ìdó

Alága, tó bá sọ àwàdà mẹ́rin, mélòó ló máa kù nínú ogójì ìṣẹ́jú? Àwàdà tí kò bá ti inú ọ̀rọ̀ jáde, àwàdà náà ni wọ́n á rántí lọ sílé.

Alága_Ìdúró

Ó dáa, mo gbà, ẹyọ kan. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti makirofóònù, ìyẹn kò ṣeé jà lé lórí. Má fi ìka lù ú, má fẹ́ atẹ́gùn sí i, má máa sọ “hẹ́lò, hẹ́lò, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” fún ìṣẹ́jú méjì. Gbé e sún mọ́ ẹnu bí ẹni tó fẹ́ jẹ àgbàdo, sì jẹ́ kó máa bá ẹnu rẹ lọ bó o bá yíjú. Bó o bá ń fi ọwọ́ kan kó ọmọ ayò, ọwọ́ kan náà ló kù fún makirofóònù. Ní kí ẹnì kan bá ọ dì í mú, tàbí kó o lo èyí tí wọ́n ń fi há aṣọ.

Ìyá_Aránṣọ

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìkẹ́rẹ́ ni mo wà, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mi ò ní sọ èwo. Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ fún ọ bó ṣe ń rí lára àwa tá a jókòó.

Àkọ́kọ́, má bi wá pé “Ṣé ó yé yín?” A máa dáhùn pé ó yé wa. Kò sí àgbàlagbà tó máa dìde láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kó sọ pé òun nìkan ni kò yé. Kí ló dé tí ò bá bi mí ní ohun tí mo lè dáhùn? “Màmá, tó bá ku ọmọ ayò mẹ́rin, tí aago sì jẹ́ mẹ́wàá alẹ́, kí lẹ máa tàn, kí lẹ máa pa?” Tí mo bá sọ ọ́ tó tọ̀nà, ó ti yé mi. Tí mi ò bá sọ ọ́ tó tọ̀nà, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á pariwo, gbogbo wa á sì jí.

Èkejì, iye owó. Ẹ̀yin oníṣẹ́ yìí, ẹ máa ń fi owó sẹ́yìn pátápátá bíi pé ohun ìtìjú ni. Àwa ti ń ṣírò owó látìgbà tó o ti wọlé, a ò sì gbọ́ nǹkan mìíràn títí wàá fi sọ ọ́. Sọ ọ́ kíá, ká lè fọkàn balẹ̀ gbọ́ ìyókù.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó wá bá wa sọ̀rọ̀ lọ́dún tó kọjá kọ ẹ̀yìn sí wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ara ògiri ló ń kà fún. Bọ́tìnnì kan ti já lẹ́yìn kóòtù rẹ̀. Bọ́tìnnì yẹn ni mo ń wò. Tó o bá bi mí lónìí, mi ò mọ ohun tó sọ, àmọ́ mo mọ irú òwú tí wọ́n fi rán kóòtù náà.

Tó o bá gbọ́ Èkìtì, sọ Èkìtì. Tó o bá pe “ulé” dípò “ilé” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara á tù wá.

Jọ̀ọ́, tó o bá sọ fún aránṣọ pé kó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí sólà, sọ ohun tó máa fi lọ aṣọ. Tèmi eléèédú ṣì wà lábẹ́ tábìlì.

Ará_Ìjerò

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì yẹn pa mí.

Tóyìn_Kóòdù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kọ̀ǹpútà, torí mo ti jẹ ìyà rẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ lọ síbì kan, Yorùbá ni mo fi kọ síláìdì, mo fàmì sí i dáadáa. Nígbà tí mo débẹ̀, kọ̀ǹpútà tiwọn ni wọ́n ní kí n lò. Mo ṣí i, gbogbo “ẹ̀kọ́” tí mo kọ ti di àpótí kékeré kan, k, àti àpótí mìíràn. Ohun tó fà á ni pé Unicode ní ẹ tó ní àmì ìsàlẹ̀, àmọ́ kò ní èyí tó pa àmì ìsàlẹ̀ àti ohùn pọ̀ sínú lẹ́tà kan. Ṣe ni wọ́n máa ń gbé ohùn lé e lórí bí ẹni gbé ẹrù lé ọmọ lórí. Fọ́ńtì tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e á da ẹrù náà nù. Ẹ sọ síláìdì yín di PDF nílé, fọ́ńtì á wọ inú rẹ̀, kò síbi tó máa ṣí tí kò ní jẹ́ bákan náà.

Ẹ mú wáyà HDMI àti ohun tó ń so mọ́ VGA dání, torí projector àtijọ́ ṣì pọ̀ níbi ìpàdé wa. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé dátà. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ká a sílẹ̀ bíi fídíò. Mo ti dúró níwájú ọgọ́rùn-ún èèyàn rí, tí òbìrí kan ń yí lójú ẹ̀rọ, tí èmi náà ń sọ pé “ó ti fẹ́ ṣí”. Kò ṣí.

Síláìdì mẹ́rìndínláàádọ́ta fún ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbàdúrà ni?

Olùkọ́_Àgbà

Ní yunifásítì ni mo ti ń kọ́ni, nítorí náà mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹnjiníà méjì yẹn. Ọpọ́n ayò dára gan-an, àmọ́ àfiwé máa ń ní ibi tó ti ń já. Inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ lára ọmọ ayò. Bátìrì lithium kò sì nílò kí aṣọ bo ìdajì ọpọ́n, ó lè jẹ́ ojú méjì tàbí mẹ́ta ló máa bò. Tó ò bá sọ ọ́, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn, àwọn yòókù á sì rò pé irọ́ lò ń pa. Gbólóhùn méjì ti tó: “Ìṣírò ojú ọjà ni mo ṣe yìí. Ẹni tó bá fẹ́ tojú ìwé, mo ti kọ ọ́ sínú bébà yìí.” Kọ fọ́múlà rẹ sójú bébà kan, fún àwọn tó bá fẹ́. Ibẹ̀ ni kí síláìdì mẹ́rìndínláàádọ́ta lọ sùn.

Sọ ti ooru náà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí oòrùn bá ṣe mú tó ni iná á ṣe pọ̀ tó. Ìmọ́lẹ̀ ni páńẹ́ẹ̀lì ń jẹ, ooru ń pa á lára. Páńẹ́ẹ̀lì tó wà lórí òrùlé páànù lè gbóná tó ìwọ̀n 70 Celsius. Tó o bá kan pe 70, kò ní wọ ẹnikẹ́ni lára. Bi wọ́n pé ta ló ti ki ọwọ́ bọ omi Ìkògòsì níbi tó ti ń sun jáde. Nǹkan bí ìwọ̀n 38 péré nìyẹn, páńẹ́ẹ̀lì gbóná jù ú lọ dáadáa. Bí ìwọ̀n kan bá ti lé lórí 25, páńẹ́ẹ̀lì máa ń pàdánù bí ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ọmọ ayò mẹ́rìnlélógún tó yẹ kó dá padà sójú ọpọ́n, mẹ́rin ti lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé e ga kúrò lára páànù, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀.

Michael Faraday, tó fi mágnẹ́ẹ̀tì mú iná jáde lọ́dún 1831, àbẹ́là kan ló gbé síwájú àwọn ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì tẹ̀ lé iná orí rẹ̀ títí tó fi ṣàlàyé ohun tí afẹ́fẹ́ jẹ́, ohun tí omi jẹ́, àti bí a ṣe ń mí. Ìkàwé mẹ́fà, àbẹ́là kan. Ìwọ ti ní ọpọ́n ayò. Má tún gbé odò, táǹkì, àti ọkọ̀ akẹ́rù wọ inú ọ̀rọ̀ kan náà.

Onísólà_Adó

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ti ya ọpọ́n ayò lọ́wọ́ bàbá ìyàwó mi. Mo ti gé síláìdì kù sí mẹ́fà, àwòrán nìkan. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi lánàá, mo fi fóònù ka àkókò, ó gba ìṣẹ́jú 57. Ó ní kí n yọ DC àti AC. Ọkàn mi ò gbà á.

Tísà_Fíṣíìsì_Ìdó

Yọ ọ́. Ìwọ lo fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹnì kan bá béèrè, sọ ọ́ nígbà náà.

Ohun kan tún kù. Mú inverter kékeré kan dání, 500VA. Ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kí wọ́n gbọ́ bó ṣe máa ké. Àmọ́ dán an wò nílé ná, kó o rí i pé ó máa ń pa ara rẹ̀ tí ẹrù bá pọ̀ jù.

Onísólà_Adó

Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Ẹ jókòó.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wọn ò dáhùn, ẹni tó ń fà á ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo ní kò burú, mo ki projector bọ inverter tí mo gbé wá. Bó ṣe tàn báyìí, ọkàn mi sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi. Mo yí ẹ̀yìn projector padà, 250 watt ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo lọ sídìí ọpọ́n, mo ka ọmọ ayò márùn-ún sínú abọ́. Mo ní: “Ẹ̀rọ àwòrán yìí ń jẹ márùn-ún ní wákàtí kan. Ṣé ká jẹ́ kó jẹ ẹ́?” Gbogbo ilé pariwo pé: “Pa á!” Mo pa á. Síláìdì mẹ́fà tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, ẹnikẹ́ni ò rí wọn.

Ibi áyọ́ọ̀nù ni mo ti rí ohun tí Tísà ń sọ. Wọ́n ń bá mi kà á, oókan, eéjì, ẹẹ́ta, nígbà tá a dé mẹ́wàá, ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Nígbà tó pé ogún, ẹnì kan sọ pé “Háà!” Mo ki áyọ́ọ̀nù bọ inverter, ó ké píìì, ó kú. Bàbá kan tó ti ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fò dìde, ó ń wá fìlà rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lọ geere o. Àwọn bàbá méjì kọ̀, wọ́n ní bí mo ṣe to ọmọ sójú ọpọ́n kò dára, wọ́n fẹ́ ta ọ̀kan ná kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ síbẹ̀. Mo gbàgbé láti sọ iye owó títí ẹnì kan fi béèrè. Ìṣẹ́jú 52 ni mo lò. Ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà béèrè ọ̀rọ̀ kan nípa ohun tó ń darí iná láti páńẹ́ẹ̀lì sí bátìrì, mo fún un ní bébà, mo ní ká jọ jókòó lẹ́yìn ìpàdé. A jókòó, òun ló tún ràn mí lọ́wọ́ kó ẹrù.

Ìyá_Aránṣọ

Mo wà níbẹ̀. Ìlà kẹta, gèlè aláwọ̀ òféèfé. O kọ ẹ̀yìn sí wa lẹ́ẹ̀mejì, mo kà á. Àmọ́ mo gbé ìṣírò ọmọ ayò yẹn délé, mo ti ń ka gbogbo nǹkan tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan àti ààbọ̀. Àwọn ọmọ mi ti sá fún mi. Máṣíìnì aránṣọ mi ńkọ́, èyí tó ń lo mọ́tò?

Onísólà_Adó

Màmá, ẹ kúnlẹ̀ wo ara mọ́tò yẹn. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tí W tẹ̀ lé. Ẹ pín in sí àádọ́ta.

Ìyá_Aránṣọ

Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ.

Onísólà_Adó

Ọmọ ayò méjì ni wákàtí kan, mà. Tí ẹsẹ̀ yín bá sì kúrò lórí pẹ́dà, kò ní jẹ nǹkan kan.

Ìyá_Aránṣọ

Ó dáa. Wá wo òrùlé mi lọ́jọ́ Ẹtì. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣì wà níbi tó wà.